Owó Òkèèrè Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìjọba òkèèrè bá ran ọlọ́pàá wa lọ́wọ́, ẹ má yára pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde láti tako SARS, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ní àwọn kò dá ẹ̀ka náà lẹ́kọ̀ọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n yí ohùn padà: láti 2016 sí 2020 ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, wọ́n sì fún wọn ní ohun èlò. Owó orí òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni! Kate Osamor, aṣòfin wọn, ni ó wádìí rẹ̀. Àwọn aṣòfin tiwa ń kọ́? Àwa tí à ń bá ọlọ́pàá pàdé lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹ jẹ́ kí á kọ̀wé bi wọ́n: ọwọ́ ta ni ohun èlò náà wà?