Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Orí Àjà

Aládùúgbò mi kan ní Yábàá ta ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ baba rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bèèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, kò rí èsì fọ̀.

Bí irú rẹ̀ bá wà lórí àjà yín, ẹ má ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́: ọ̀dà tí a kùn léra lórí a máa fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn. Ẹ bi àwọn àgbà pé, ta ni ó gbẹ́ ẹ, ta ni ó gbé e jó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ère tí a mọ ìtàn rẹ̀ ni ó níye lórí. Ẹ gbé e lọ fi han àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, tí a ṣí ní 1957.

Òfin 1979 kọ̀ kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó rí ohun tí baba ńlá rẹ̀ fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ó dàárọ̀ o.