Bí Èèpo Kọ̀ǹpútà Bá Ń Ṣí, Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Lẹ̀ Ẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Al Nahda)

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ẹ sábà máa ń gbé lé àwa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Tòní náà, ọ̀rọ̀ ìlera ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Yálà ìhà Dubai ni a ń gbé ní Al Nahda yìí tàbí ìhà Sharjah, ilé tí kò ní kọ̀ǹpútà kò wọ́pọ̀. Òun ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń rí ojú àwọn ará ilé. Nígbà tí èèpo rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, gúlù tàbí sẹ́lótéèpù ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. Ojú egbò tó wú, a kì í kàn fi báńdéèjì dì í pa. A ní láti mọ ohun tó mú un wú.

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣí èèpo náà: híǹjì, ìyẹn irin tó so ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ìdí rẹ̀, tàbí bátìrì tó wú. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ gbé e ka orí tábìlì tó tẹ́jú. Bí ìdí rẹ̀ kò bá jókòó dáadáa, tí àárín rẹ̀ yọ ikùn, tàbí tí ibi tí ìka ń rìn lé ga sókè tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ẹ fura sí bátìrì. Bó bá jẹ́ igun ẹ̀yìn nìkan ló ń là nígbà tí a bá ń ṣí i tàbí tí a bá ń pa á dé, híǹjì ni.

Ti híǹjì ṣeé tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn iṣẹ́ yín sí ibòmíràn. Ẹ wá sìkúrúdáfà tó bá orí sìkúrú mu gan-an. Bí ẹ ti ń tú u, ẹ ya àwòrán ìdí rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì to sìkúrú kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀, nítorí gígùn wọn yàtọ̀: bí èyí tó gùn bá wọ ihò èyí tó kúrú, ó lè gún ohun tó wà nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ sìkúrú lásán ló tú, ẹ dè é le. Bí òrùka idẹ tí sìkúrú ń wọ̀ bá ti já kúrò lára ike, gúlù onítúúbù méjì tí a ń pò pọ̀, tí wọ́n ń pè ní epoxy, ni kí ẹ lò. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gan. Súpágúlù kò dára níbẹ̀: ó tètè ń kán, èéfín rẹ̀ sì máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì híǹjì díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí híǹjì tó le jù ló ń fa ike ya. Láti ìsinsìnyí lọ, àárín etí òkè ni kí a máa dì mú bí a bá ń ṣí i, kì í ṣe igun kan.

Bó bá jẹ́ bátìrì ló wú, ọ̀rọ̀ yí padà. Gáàsì ló kún inú rẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn ibí, tó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, máa ń mú un yá. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má tẹ bátìrì náà, ẹ má gún un, ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì fi tipátipá dé èèpo lé e lórí. Ẹ gbé e sórí táìlì, jìnnà sí kọ́tìnnì àti bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ pe oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má jù ú sínú pàǹtírí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú nìkan ló ń ní ìṣòro bátìrì: ní oṣù Kẹfà 2019, Apple pe àwọn MacBook Pro kan tí wọ́n tà láàárín 2015 sí 2017 padà, nítorí bátìrì wọn lè gbóná jù kó sì gbiná.

Àwa ará Al Nahda mọ ohun tí iná ń ṣe nínú ilé gíga. Iná mú Abbco Tower ní ìhà Sharjah ní oṣù Karùn-ún 2020. Ní oṣù Kẹrin 2024, iná ilé gbígbé mìíràn ní ìhà kan náà pa ènìyàn 5. A kò sọ pé bátìrì ló fà wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àìbìkítà ìdílé kan lè di ẹkún ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí èéfín bá jáde lára kọ̀ǹpútà, ẹ má dúró gbé e, ẹ má sì fa èéfín náà sínú. Májèlé ni fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, ẹ pe 997.

Ẹ̀yin tó sì ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá yín tún un ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ gbọ́ o: bátìrì tó wú kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ìbáà jẹ́ nínú àpò ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ ọ́ níbí.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wo ìdí kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tí kò bá dá lójú, kó ya fọ́tò rẹ̀ wá hàn wá kó tó fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ilé wa.