Ìkìlọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà ní eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjì àrá kan jà ní Melbourne, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Kò pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí wọn kò lè mí dáadáa. Ènìyàn 10 ló kú.

Kí ló fà á? Lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ló kún inú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Odidi rẹ̀ kì í sábà kọjá imú. Ó kàn ń mú ni sín, ojú á sì máa ṣomi. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ìjì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀pọ̀ tí ó ṣe kò mọ̀ rí pé àwọn ní ásímà. Àwọn tí ìdílé wọn ti Éṣíà wá sì wà lára àwọn tó kàn jù.

Ẹ má rò pé ohun tí ojú kò rí kò ṣeé kà. Ní 1952, J. M. Hirst ní Ìlú Ọba ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa afẹ́fẹ́, lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, àwọn onímọ̀ á sì kà á. Iye yẹn ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ará ìlú. Láti 2017 ni ìpínlẹ̀ Victoria, níbi tí Melbourne wà, ti ń kéde ewu irú ìjì bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Ìkìlọ̀ yìí tọ́ sí onílé, ó tọ́ sí àlejò. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Ìlú Ọba, níbi tí lẹ́búlẹ́bú koríko ti ń pọ̀ láti àárín oṣù karùn-ún títí di oṣù keje. Ta ló sọ fún wọn? Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n máa gbọ́ ìkéde náà bí wọ́n ti ń gbọ́ ti òjò. Bí iye rẹ̀ bá ga, tí ìjì sì ń bọ̀, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ti fèrèsé. Ẹni tí dókítà fún ní ínhélà tí à ń fà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara yá. Kí ínhélà tí dókítà ní kó fi gba ara rẹ̀ là sì wà lápò rẹ̀. Ẹni tí ń sín lásìkò koríko, tí àyà rẹ̀ tún ń há lóru, kó tètè lọ rí dókítà.

Ẹ má jẹ́ kí ìjì ṣáájú ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.