Bí A Ṣe Lè Fi Fírígò Àlòkù Ta Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́



Ọ̀rọ̀ wa ti òní kan ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọtí tà ní Sakété, ní Pobè àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká.

Iṣẹ́ ńlá ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹ ó rẹ àgbàdo sínú omi. Ẹ ó fi í sílẹ̀ kí ó hù. Ẹ ó sá a sóòrùn, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó sè é, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó tún dúró kí ó hó. Ó di ọjọ́ ọjà. Láàárọ̀, ọtí dùn. Bí oòrùn bá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó tọ́ ọ wò á yínmú, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ó da ìyókù nù. Àgbàdo lọ, igi ìdáná lọ, owó lọ.

Kí ló ń ba ọtí jẹ́? Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ni. Àwọn kan ń mú kí ọtí hó, àwọn mìíràn ń mú un kan. Ooru ń fún wọn lágbára. Òtútù kò pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń mú kí iṣẹ́ wọn falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fírígò fi wúlò.

Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí òfin ní ọdún 1978 pé kí ènìyàn lè pọn bíà nínú ilé láìsan owó orí lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi fírígò àlòkù ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi gáàsì ti ọtí jáde. Àwa kò nílò gáàsì. Ohun tó wà lókè á ṣàn wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná. Ẹ yọ àwọn pẹpẹ inú fírígò. Bídọ̀n 25 lítà tó kún á wúwo tó kílò 25, ó lè fọ́ pẹpẹ náà. Ẹ fi àpótí igi tó lágbára sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé bídọ̀n lé e.

2. Ẹ lu ihò kan sí ara ilẹ̀kùn, kí ó relẹ̀ ju ìdí bídọ̀n lọ. Ẹ má lu ẹ̀gbẹ́, ẹ má lu ẹ̀yìn! Ibẹ̀ ni ọ̀pá gáàsì gbà kọjá. Gáàsì inú àwọn fírígò àtijọ́ ń ba òfurufú jẹ́. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ṣe àdéhùn ní Montréal ní ọdún 1987. Gáàsì inú àwọn tuntun kan sì lè gbiná.

3. Ẹ ki ẹnu ẹ̀rọ omi bọ ihò náà. Ẹ fi rọ́bà mímọ́ so ó mọ́ ìdí bídọ̀n. Kí rọ́bà náà gùn díẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè ṣí láìfà á já.

4. Ẹ dá ihò kékeré sí ìdérí bídọ̀n, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ọtí tó ń hó ń mí. Bí ẹ bá dé e pinpin, bídọ̀n lè bẹ́.

Ẹ wò ó: nígbà tí ọtí ń jáde láti ara ilẹ̀kùn, ẹ kò ní máa ṣí fírígò ní gbogbo ìgbà. Òtútù kò ní jáde. Nítorí náà, fírígò tí mọ́tò rẹ̀ ti kú pàápàá ṣì wúlò. Ara rẹ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Ẹ di yìnyín sínú ọ̀rá, ẹ kó o sí orí bídọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀ nítorí omi.

Bí mọ́tò bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iná yẹ wáyà rẹ̀ wò. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kan wáyà. Ẹ má ti ẹ̀yìn fírígò mọ́ ògiri, torí ibẹ̀ ni ó ń da ooru inú rẹ̀ sí.

Ohun méjì ṣì kù tó lè pa ènìyàn. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Èkíní ni bídọ̀n. Ẹ má lo bídọ̀n tí wọ́n ti rọ kpayo sí rí, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má lo èyí tó ti gba oògùn oko rí. Ní ọdún 1999 sí 2000, oògùn òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, lápá òkè orílẹ̀-èdè wa. Bídọ̀n oúnjẹ nìkan ni kí ẹ rà. Ní alaalẹ́, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ bídọ̀n, rọ́bà àti ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn wọ́n.

Èkejì ni ọmọdé. Ọmọ tó ń ṣeré lè wọ inú fírígò tó ṣófo. Bí ilẹ̀kùn bá tì, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, a kò sì ní gbọ́ igbe rẹ̀. Ọmọ púpọ̀ ti kú báyìí ní Amẹ́ríkà, títí ìjọba fi ṣòfin ní ọdún 1956 pé kí fírígò tuntun ṣeé ṣí láti inú. Bí ti yín bá ní ìkọ́ tó ń há, ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ fi okùn di ilẹ̀kùn níta. Fírígò tí ẹ kò lò mọ́, ẹ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ pátápátá.

Ẹ má ta ọtí fún ọmọdé tàbí aboyún. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí lè fi fírígò yìí ta omi ìsápá.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣe é dáadáa. Ó dàbọ̀ o.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a fi ń lu ihò sí ilẹ̀kùn, tí a kì í lu ẹ̀gbẹ́?
2. Irú bídọ̀n wo ni a kò gbọdọ̀ lò?
3. Bídọ̀n kan gba 25 lítà. Ife kan gba ìdajì lítà. Ife mélòó ni ẹ ó tà?
4. Ká ní ife kan jẹ́ 100 fáráǹkì, tí ife 15 sì kan. Èló ni ẹ pàdánù?