Ẹ̀yáwó Tó Yẹ Ká Fọwọ́ Sí: Ọ̀rọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Houston

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti gbó ní Houston ló gbé mi wá, nítorí ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn kíláàsì náà.

Owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń rí ná lọ́dọọdún ní Texas, owó oṣù tíṣà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Tí òrùlé bá wá ń jò, tí ẹ̀rọ amúlétutù sì kú nínú ooru oṣù Kẹjọ, àfi kí àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ náà yáwó. Ẹ̀yáwó yìí ni wọ́n ń pè ní bọ́ǹdì. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ la fi ń san án padà, tòun ti èlé, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò lè yá a àyàfi tí àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi san owó oṣù ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì.

A ti rí èso rẹ̀ rí. Ní 2012, Houston fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.89 dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ 40, girama ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Girama Jack Yates, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926 fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú láyé tí wọ́n ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, wà lára àwọn tó gba ilé tuntun.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ tún bèèrè bọ́ǹdì bílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Ìlú kọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, ìjọba ìpínlẹ̀ ti gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, ọ̀pọ̀ sì pariwo pé àwọn kò ní fi owó lé ọwọ́ ẹni tí àwọn kò fọkàn tán.

Ìbínú yẹn ní ìdí. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀gá tí ìjọba yàn, tí a ń bínú sí, yóò lọ lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó ń làágùn nínú kíláàsì lónìí kò ní padà di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ́. Ohun tó tọ́ ni pé ká fọwọ́ sí owó náà, ká sì ṣọ́ ọ: ká gba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìbò, ká sì ní kí àwọn ará àdúgbò wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ ìwé owó wò.

Ẹ̀yin àgbà tó ti pé ọdún 65, ẹ má fòyà. Òfin Texas ti fi gbèdéke sí owó-orí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń san lórí ilé tí ẹ ń gbé, bọ́ǹdì kò sì ní gbé e sókè.

Ká gbé ilé-ẹ̀kọ́ ró fúnra wa kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ti àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀; àwọn Ìjẹ̀ṣà kò jókòó kí ìjọba amúnisìn wá kọ́ ọ fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà nínú wa, kó forúkọ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán ṣáájú ìdìbò. Nígbà tí bọ́ǹdì mìíràn bá dé, ẹ dìbò bẹ́ẹ̀ni, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé tí wọn yóò ti ṣírò owó náà.