Ìyá Stella àti Ilé Ohun Láíláí

Mo júbà àgbà tí ó wà níwájú wa àti àwọn tí ó ti lọ. Kí ìbà wa ṣẹ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a rántí lónìí ni Maria Stella de Azevedo Santos, Mãe Stella de Oxóssi. Salvador ni wọ́n ti bí i ní 1925. Orúkọ rẹ̀ nínú òrìṣà ni Ọdẹ́ Káyọ̀dé. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ṣiṣẹ́ ìlera fún nǹkan bí 30 ọdún.

Ní 1976 ó di ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ìyá Aninha ni ó dá ilé yìí sílẹ̀ ní 1910, obìnrin ni ó sì ń darí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ rò ó wò: 1932 ni obìnrin Brazil tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe olórí ilé kí òfin tó mọ̀ wọ́n. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lu ìlù.

Kí ni Ìyá Stella ṣe? Ní 1983, òun àti olórí obìnrin mẹ́rin mìíràn fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀sìn òrìṣà dá dúró, kì í ṣe ẹrú ẹ̀sìn kankan. Ó ṣí Ilé Ohun Láíláí, níbi tí aṣọ àti ẹrù àwọn ìyá àtijọ́ wà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nínú ọgbà náà. Ó kọ ìwé, wọ́n sì yàn án sínú Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Bahia ní 2013. Ó papò dà ní 2018, ní ẹni ọdún 93.

Ní oṣù Kejìlá 2022, iná jó ère rẹ̀ ní Salvador. Wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ara wa: iná lè jó ère, kò lè jó ohun tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fi kọ́ ọmọ.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé ìyá ńkọ́? Nínú ilé wa, ta ni ó ń se oúnjẹ ọdún, tí ó ń rán aṣọ, tí ó ń tọ́jú ìyàwó òrìṣà? Obìnrin ni. Nígbà tí a bá ń kọ ìtàn, orúkọ ta ni a ń kọ? Orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan jókòó ti obìnrin tí ó dàgbà jù níbẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni ó ṣe òrìṣà fún un, ọdún wo, iṣẹ́ wo ni ó fi tọ́ ọmọ. Ohun tí ó bá gbà kí a kọ ni kí ẹ kọ. Awo á máa jẹ́ awo. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà níbòmíràn. Ẹ má dúró dìgbà tí a ó máa sunkún rẹ̀.

Kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì la ọ̀nà fún wa. Àṣẹ.