Àgbà Òṣìṣẹ́ àti Iṣẹ́ Òru



Nílẹ̀ wa, àgbà ni a sábà máa ń fi ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà lóru. A ní oorun àgbà kì í pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ pé àgbà kò nílò oorun. Bí a ti ń dàgbà ni ó ń pẹ́ kí ara tó gba ìpààrọ̀ ọ̀sán sí òru. Ojú kì í sì í ríran dáadáa lókùnkùn mọ́. Àtẹ̀gùn kékeré lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣubú.

Ní 1990, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé òṣìṣẹ́ òru lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò ara lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Nàìjíríà ti 2010 sì pèsè owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí lójú ọ̀nà láti ibi iṣẹ́ sí ilé. Ṣùgbọ́n báwo ni ọlọ́dẹ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan yóò ṣe gbà á?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí a tan iná sí àtẹ̀gùn, kí a fún wọn ní ẹnìkejì, kí a má sì máa fi ọ̀sán pààrọ̀ òru fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.